Èjìká Tó Ń Dun Akẹ́kọ̀ọ́ Kì Í Ṣe Làkúrègbé

Ọ̀rọ̀ èjìká la fẹ́ sọ lọ́tẹ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. A mọ̀ pé owó ilé-ẹ̀kọ́ ń gòkè, iná kò dúró, àwọn kan nínú wa kò sì tíì rí èsì ìdánwò sáà tó kọjá. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ tí a ti ń gbọ́ ọ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì: “Apá mi ò gbé sókè mọ́.” “Mi ò lè fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sùn.” Ẹni tó ń sọ ọ́ kò tíì pé ọmọ ọdún méjìlélógún. Èsì tó sì máa ń gbà kì í yí padà: làkúrègbé ni, òtútù ló wọ̀ ọ́ lára, lọ ra oògùn ara ríro ní kẹ́míìsì, fi Robb pa á, so apá náà rọ̀, sinmi.

Èrò tiwa ni pé yàtọ̀ sí Robb, tí kò ju kí ara gbóná díẹ̀ lọ, àwọn ìmọ̀ràn yìí ló ń sọ ìrora ọ̀sẹ̀ mẹ́ta di ìrora oṣù mẹ́jọ. Ohun tó ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú wa ní orúkọ, ó ní ìdí, ìtọ́jú rẹ̀ sì wà tí kò gba owó púpọ̀. Sùúrù ló gbà, ìyẹn gan-an ni kò sì wù wá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí èjìká ṣe rí. Orí eegun apá rí róbótó bíi bọ́ọ̀lù, ó sì jókòó sára àwo kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn èjìká. Àwo náà kò jìn rárá. Oríkèé ìbàdí jìn, eegun itan wọ inú rẹ̀ dáadáa. Ti èjìká dà bí ọsàn tí a gbé lé ọmọrí ìkòkò. Ìdí nìyẹn tí apá fi lè yí káàkiri, tí a fi lè họ ẹ̀yìn ara wa, tí a fi lè nawọ́ já máńgòrò. Ohun tó ń di bọ́ọ̀lù yìí mú kó má yọ̀ kúrò lójú àwo ni iṣan mẹ́rin tó ti ara eegun ẹ̀yìn èjìká wá, tí okùn wọn so mọ́ orí eegun apá yí ká. Àwọn dókítà ń pe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ ní rotator cuff. Èyí tó máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù ni ti òkè pátápátá, supraspinatus. Okùn tirẹ̀ ń gba abẹ́ eegun kan kọjá, eegun tí ẹ máa bá bí ẹ bá fi ìka tẹ ṣóńṣó èjìká yín. Àlàfo tó wà níbẹ̀ kò tó nǹkan, àpò kékeré kan tó ní omi díẹ̀ nínú ló sì wà láàárín wọn kí wọ́n má baà máa ha ara wọn. Nígbà tí okùn yìí tàbí àpò yìí bá ti ṣe iṣẹ́ ju agbára rẹ̀ lọ, ohun tí a ń pè ní wíwú okùn iṣan èjìká nìyẹn.

Èdè wa náà dá kún ìdàrúdàpọ̀ yìí díẹ̀. Iṣan la ń pe ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, iṣan la ń pe ẹran tó ń fà tó sì ń súnkì, iṣan náà la tún ń pe okùn tó so ẹran mọ́ eegun. Bí ẹnì kan bá ní “iṣan ló ń dùn mí”, ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló lè ní lọ́kàn, kẹ́míìsì á sì ta oògùn kan náà fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú ohun tí a ń kọ yìí, okùn iṣan ni a ó máa pe èyí tó so ẹran mọ́ eegun. Ní ti làkúrègbé, oríkèé fúnra rẹ̀ ló ń bá jà, àwọn tó dàgbà ló sì sábà máa ń mú. Bí ọmọ ogún ọdún bá ń sọ pé làkúrègbé ń ṣe òun ní èjìká kan ṣoṣo lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tó ti ń pọn omi, omi ni kó kọ́kọ́ fura sí.

Omi náà ni ká wá kọjú sí. Lítà omi kan wúwo tó kílò kan. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 jẹ́ kílò 25, ká má tíì ka kẹ́ẹ̀gì fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń gbé àjà kẹta, tó ń pọn kẹ́ẹ̀gì kan láàárọ̀, kan nírọ̀lẹ́, ti gbé kílò 50 gun àtẹ̀gùn lójúmọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó di kílò 350, ìyẹn àpò sìmẹ́ǹtì méje. Kò sí òbí tó máa gbà kí ọmọ ọdún méjìdínlógún ru sìmẹ́ǹtì méje lọ sí àjà kẹta lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kó tó lọ jókòó ní kíláàsì, àmọ́ bí a bá ti pè é ní omi, ó di ohun tí gbogbo èèyàn ń ṣe.

Kì í ṣe ìwúwo nìkan. Gbígbé e rù gan-an ló máa ń le jù fún okùn òkè yẹn, torí ìgbà náà ni apá ń gbé ohun tó wúwo kọjá èjìká. Àwọn ìyá wa mọ̀ bẹ́ẹ̀ láìka ìwé kankan. Létí odò tàbí lọ́jà, wọn kì í dá gbé ẹrù ńlá rù. Wọ́n á ní “ẹ bá mi gbé e rù”, ẹni tó ń kọjá lọ á sì dúró, ì báà jẹ́ àlejò. Bí wọ́n bá délé, ẹnì kan á tún bá wọn sọ̀ ọ́. Ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ojú máa ń tì wá láti pe ẹnikẹ́ni, pàápàá láàárín àwa ọkùnrin. A á gbé e lójijì, a á mí gúlegúle, a á tún fọ́nnu pé ọwọ́ kan la fi gbé e.

Ohun tó burú tẹ̀lé e ni òjijì. Oṣù méjì la fi jókòó nílé níbi tí omi ti ń yọ nínú ẹ̀rọ. A wọlé lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tó máa di ọjọ́ Ajé a ti ń gun àtẹ̀gùn pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì. Ẹ ronú kan ọdún 2022, nígbà tí ìyanṣẹ́lódì ASUU gba oṣù mẹ́jọ gbáko, kí ẹ sì ronú kan ọ̀sẹ̀ tí a padà wọlé. Ẹran ara tètè máa ń lágbára. Okùn iṣan kì í yára bẹ́ẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ jíìmù ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ fi lè rí i pé apá òun ti le dáadáa ní oṣù Ẹrẹ́nà, àmọ́ tí kò lè bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì lọ́rùn láìké.

Àwọn kan wà tí tiwọn kì í ṣe òjijì, àtìgbàdégbà ni. Ẹ wo àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tó ń dirun fún owó. Irun kan lè gbà tó wákàtí márùn-ún tàbí mẹ́fà, apá á sì wà lókè fún ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ wo àwọn agẹrun, àwọn tó ń fọ aṣọ fún ẹlòmíràn tí wọ́n sì ń sá a sórí okùn gíga, àwọn tó ń gbá fọ́líbọ́ọ̀lù fún ẹ̀ka wọn, àwọn ọmọ ẹ̀ka eré oníṣe tó ń fi gángan kọ́ èjìká fún ìfidánrawò títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Nínú wọn ni a ti rí àwọn tó ń fi owó irun san owó ìforúkọsílẹ̀. Bí èjìká bá dá iṣẹ́ yẹn dúró fún oṣù méjì, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ara ríro. Ó di ọ̀rọ̀ bóyá orúkọ ẹni máa wà lára àwọn tó máa jókòó ṣe ìdánwò. (Kọ̀ǹpútà tí a ń lò lórí bẹ́ẹ̀dì ní tirẹ̀ máa ń dá ọrùn láàmú ju èjìká lọ. Ìyẹn di ọjọ́ mìíràn.)

Báwo lèèyàn ṣe máa fura pé okùn iṣan ni? Ìrora rẹ̀ kì í sábà wà lórí èjìká gan-an. Ẹ̀gbẹ́ òkè apá ló máa ń wà, níbi tí wọ́n ti gún wa ní abẹ́rẹ́ kòrónà. Ó máa ń le lóru bí èèyàn bá fi ẹ̀gbẹ́ yẹn sùn. Ó máa ń dùn bí a bá ń wọ ẹ̀wù, tàbí bí a bá fẹ́ na ọwọ́ mú nǹkan lẹ́yìn. Ẹ lè wo èyí náà: ẹ dúró níwájú ọ̀rẹ́ yín, ẹ na apá òsì sí ẹ̀gbẹ́, ẹ máa gbé e lọ sókè díẹ̀díẹ̀. Bí ọ̀rẹ́ yín bá fojú inú rí aago ara ògiri, apá yín bẹ̀rẹ̀ láti aago mẹ́fà. Ní ara ọ̀pọ̀ ẹni tí okùn yìí ń yọ lẹ́nu, ìrora á bẹ̀rẹ̀ ní bí aago mẹ́rin, á le ní aago mẹ́ta, á sì rọlẹ̀ nígbà tó bá ti kọjá aago méjì. Èyí nìkan kò tó láti fi dájọ́, àmọ́ ó ṣe é sọ fún dókítà.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde tipẹ́, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Bí ó bá jẹ́ pé apá kò gòkè, tí ẹlòmíràn bá sì bá yín gbé e tí kò tún gòkè, ó lè jẹ́ èjìká gígan. Ìyẹn máa ń mú àwọn tó wà láàárín ọmọ ogójì ọdún sí ọgọ́ta, ó máa ń mú obìnrin ju ọkùnrin lọ, ó sì pọ̀ gan-an láàárín àwọn tó ní àtọ̀gbẹ. Ìtọ́jú rẹ̀ yàtọ̀. Bí ó bá ń ṣe yín, tàbí ó ń ṣe àwọn òbí wa, ẹ lọ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ ká padà sí kẹ́míìsì, torí ibẹ̀ ni ìjà wa wà. A kò sọ pé ibuprofen tàbí diclofenac kò wúlò. Wọ́n lè dín ìrora kù fún ọjọ́ díẹ̀ kí èèyàn lè sùn. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jẹun 0-1-0 ló ń gbé diclofenac mì láàárọ̀ lórí inú òfìfo, ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Irú àwọn oògùn yìí ń dá ọgbẹ́ sínú ikùn, wọ́n ń ni kíndìnrín lára, wọ́n sì lè dá ikọ́ fée sílẹ̀ fún àwọn kan tó ní in. Èyí tó tún burú ni àpòpọ̀ tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá kékeré láìkọ orúkọ sí i. Nígbà mìíràn prednisolone tàbí dexamethasone wà nínú rẹ̀. Ara á fúyẹ́ lọ́jọ́ kejì bí ẹni pé iṣẹ́ ìyanu ṣẹlẹ̀, a á sì padà sídìí kẹ́ẹ̀gì. Irú oògùn bẹ́ẹ̀, tí a bá ń lò ó léraléra láìsí dókítà, ń sọ okùn iṣan di aláìlágbára, ó sì ń ba nǹkan púpọ̀ mìíràn jẹ́.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ wa kò fura sí. Bí ara akẹ́kọ̀ọ́ bá gbóná, a ti pè é ní táífọ́ọ̀dù, a ti ra ciprofloxacin láìyẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Láti ọdún 2008 ni àjọ FDA ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti pàṣẹ pé kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ tó le jù lọ sára irú oògùn yìí, torí ó lè mú kí okùn iṣan wú, kódà kó já. Okùn ẹ̀yìn gìgísẹ̀ ló sábà máa ń bá jà, àmọ́ ó ń dé èjìká náà. Ewu náà tún ń pọ̀ sí i fún ẹni tó bá ń lo irú prednisolone tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ. Ẹ wá ro ti ẹni tó ra méjèèjì ní kẹ́míìsì kan náà, ní ọ̀sẹ̀ kan náà, ọ̀kan fún “táífọ́ọ̀dù”, ọ̀kan fún “làkúrègbé”.

Ìdí mìíràn tún wà tí oògùn nìkan kò fi lè tó. Láti bí òpin ọdún 1990 sókè ni àwọn tó ń fi ẹ̀rọ amúǹkantóbi wo okùn iṣan tó ti ń dunni pẹ́ ti ń sọ pé àmì wíwú tí wọ́n ń bá níbẹ̀ kò tó bí wọ́n ṣe rò. Ohun tí wọ́n rí ni okùn tó ti ń tú, tí fọ́nrán rẹ̀ kò tò lẹ́sẹẹsẹ mọ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ dókítà fi fi orúkọ tó túmọ̀ sí wíwú sílẹ̀, tí wọ́n ń pè é ní tendinopathy báyìí. Ẹ ronú kan okùn kànga tó ti ń hu irun. Ẹ lè da omi tútù sí i, ẹ lè da gbígbóná sí i, kò ní mú kí fọ́nrán rẹ̀ padà lọ́ mọ́ra. Àmọ́ okùn inú ara sàn ju ti kànga lọ ní ọ̀nà kan: bí a bá fún un ní iṣẹ́ tó mọ níwọ̀n, ó ń tún ara rẹ̀ lọ́.

Ìyẹn ló mú ká lòdì sí síso apá rọ̀ mọ́ ọrùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Dídín iṣẹ́ kù dára: ẹ má gbé nǹkan kọjá èjìká fún ìgbà díẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn bá yín gbé omi rù, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ kejì sùn kí ẹ sì fi ìrọ̀rí ti apá tó ń dùn. Ṣùgbọ́n apá tí kò ṣe nǹkan kan rárá á gan, ẹran rẹ̀ á joro, okùn náà kò sì ní lágbára ju ìgbà tó kọ́kọ́ bàjẹ́ lọ. Bákan náà ni ti àwọn atoegun. Kò sí ohun tí wọ́n máa tò níbí, torí eegun kò ṣẹ́, kò sì yẹ̀. Fífa apá bí ẹni fa okùn ìlú, tàbí fífi ọ̀rọ̀ omi gbígbóná àti ẹsẹ̀ tẹ ibi tó ń wú, ń tú okùn tó ti ń tú tẹ́lẹ̀ ni. Bí ẹ bá fẹ́ fi ọ̀rí ra á fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ kí ẹ lè sùn, kò sẹ́ni tó máa bá yín jà.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀nà ńlá wà tí owó lè rà, kó gbọ́ èyí. Ní ọdún 2018, ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé ìwádìí kan jáde láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí aláìsàn 313 tí èjìká ń dùn. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìpín kan, wọ́n gé díẹ̀ lára eegun tó wà lókè okùn kí àlàfo lè gbòòrò. Fún ìpín kejì, wọ́n kàn fi ẹ̀rọ wo inú èjìká, wọn kò gé ohunkóhun, àwọn aláìsàn kò sì mọ̀ èyí tí wọ́n ṣe fún wọn. Ìpín kẹta kò gba iṣẹ́ abẹ rárá. Àwọn tí wọ́n gé eegun fún kò sàn ju àwọn tí wọ́n ṣe bí ẹni gé e fún lọ, ìyàtọ̀ tó sì wà láàárín wọn àti àwọn tí kò gba nǹkan kan kéré débi pé kò tó ohun tí aláìsàn máa tìtorí rẹ̀ dùbúlẹ̀ lórí tábìlì.

Ìwádìí kejì ló dùn mọ́ wa nínú jù, torí ó bá àpò akẹ́kọ̀ọ́ mu. Ọdún 2021 ni, nínú The Lancet kan náà, aláìsàn 708. Àwọn kan lọ rí oníṣẹ́ físíò tó ìgbà mẹ́fà, ó ń tọ́ wọn sọ́nà lórí eré ìmárale tó ń le sí i díẹ̀díẹ̀. Àwọn kan lọ rí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó fún wọn ní àlàyé tó péye àti eré ìmárale tí wọ́n á máa ṣe nílé. Títí ọdún kan fi pé, ìyàtọ̀ kò sí láàárín wọn. Wọ́n tún wo abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún sínú èjìká: ó ran àwọn èèyàn lọ́wọ́ díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà kò sí ohun tó fi ju àìgún abẹ́rẹ́ lọ. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tó wà nínú ìwádìí yìí dàgbà jù wá lọ dáadáa, ara wa sì yẹ kó tètè gbà ju tiwọn lọ. Ohun tí a rí fà yọ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ tí owó ìrìn-àjò ẹ̀ẹ̀kan péré wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò pàdánù, bó bá ṣáà fetí sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, tó sì ń ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní yàrá rẹ̀.

Ohun tí wọ́n máa ń kọ́ èèyàn kò ní idán nínú. Nígbà tí ìrora bá ṣì le, títì láìrìn ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀: ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹ ká ìgbọ̀nwọ́ kó lẹ̀ mọ́ ìhà, ẹ wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ ti ògiri bí ẹni fẹ́ sún un, ẹ má jẹ́ kí apá rìn. Ẹ ka ọgbọ̀n, ẹ sinmi, ẹ tún un ṣe ní ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún. Bí ara bá ti gbà á, ó di ti rọ́bà. Rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ tó ti gbó tó, ẹ má lọ ra ti aláràbarà. Ẹ so ó mọ́ irin fèrèsé, ẹ máa fà á wá sọ́dọ̀ ara, lẹ́yìn náà kúrò lọ́dọ̀ ara, ìgbọ̀nwọ́ ò sì ní kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà. Ẹ máa fà á sẹ́yìn bí ẹni ń tu ọkọ̀ kí ẹran tó wà láàárín pálapàlá ẹ̀yìn lè jí, torí bí eegun ẹ̀yìn èjìká kò bá dúró dáadáa, kò sí bí okùn ṣe máa ní ìsinmi. Lẹ́yìn náà ni gbígbé ìwọ̀n: ike omi 75cl tó kún kò tó kílò kan, ó tó bẹ̀rẹ̀, ti lítà kan ààbọ̀ ló tẹ̀lé e. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ti tó fún àwọn tó le yìí.

Ìbéèrè tí gbogbo èèyàn ń bi wá ni pé ṣé kí a ṣe é bó bá ń dùn. Òṣùwọ̀n tí àwọn oníṣẹ́ físíò máa ń lò rọrùn: bí ẹ bá fi ìrora sórí òdo sí mẹ́wàá, mẹ́ta tàbí mẹ́rin nígbà tí ẹ ń ṣe é kò burú, bó bá ti rọlẹ̀ kó tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Bí ẹ bá jí tó le ju ti àná lọ, ẹ ti ṣe jù. Ẹ dín in kù, ẹ má dáwọ́ dúró. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá ló sábà máa ń gbà kí ìyàtọ̀ tó hàn dáadáa. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń sá. Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi ń gbìyànjú, a á ní kò ṣiṣẹ́, a á padà sí ọ̀rá kẹ́míìsì.

Kì í ṣe gbogbo èjìká tó ń dunni ló yẹ kó dúró ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ má ṣe gbàgbé èyí nítorí tiwa. Bí ẹ bá ṣubú tí apá kò sì gòkè mọ́, bí èjìká bá pupa tó gbóná tí ibà sì wà pẹ̀lú rẹ̀, bí ọwọ́ bá ń kú tàbí ohun tí ẹ mú ń bọ́ lọ́wọ́ yín, bí ara bá ń rù tí òógùn sì ń bò yín lóru, ẹ lọ rí dókítà kíákíá. Bí ìrora èjìká bá bá àyà fífún tàbí èémí tí kò délẹ̀ rìn, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan gbé yín lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ̀jẹ̀ yín jẹ́ SS, tiyín yàtọ̀ pátápátá. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde lè dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí orí eegun apá, títí eegun náà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ìrora rẹ̀ sì lè jọ ti okùn iṣan. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi “pọn omi díẹ̀díẹ̀” rán yín lọ. Ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀.

Ó kan àwọn aláṣẹ wàyí. Ní ilé ìwòsàn ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, gbogbo wa la mọ àwàdà náà: orí ń fọ́ ọ, parasitamọ́, ẹsẹ̀ kán ọ, parasitamọ́. A ti san owó ìlera pọ̀ mọ́ owó ilé-ẹ̀kọ́. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ tí èjìká ti ń dùn fún oṣù kan lè gba ìwé tó máa gbé e dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ físíò láìbẹ̀bẹ̀. Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti UNILAG ń kọ́ àwọn oníṣẹ́ físíò lọ́dọọdún; nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì kan náà ni wọ́n ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé, àmọ́ ẹni tó wà ní yàrá kejì ń lọ ra àpòpọ̀ ní ẹnu geeti. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ físíò, a ń bẹ̀ yín: ní ọ̀sẹ̀ tí a bá wọlé, kí àwọn olùkọ́ yín sì wà níbẹ̀, ẹ gbé tábìlì kan sí ìsàlẹ̀ họ́sítẹ́ẹ̀lì fún ìrọ̀lẹ́ méjì. Rọ́bà àti ògiri lẹ nílò.

Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ náà gbọ́dọ̀ yí ohùn padà lórí omi. A máa ń kọ lẹ́tà pé omi kò sí. Lẹ́tà tó kàn, ẹ kọ ọ́ pé omi kò dé àjà kejì àti ìkẹta, kí ẹ sì ka kílò tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé lọ́sẹ̀ sínú rẹ̀. Táǹkì orí òrùlé àti ẹ̀rọ tó ń fa omi sókè kì í ṣe ohun ìgbádùn. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tó ti jáde, tí ẹ máa ń béèrè ohun tí ẹgbẹ́ ọdún yín lè fi ta ilé-ẹ̀kọ́ lọ́rẹ, a ti ní gbọ̀ngàn tó tó, orúkọ yín sì máa dára lára táǹkì náà.

Títí omi á fi gòkè, ẹ má ra kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mọ́ bí ẹ bá ń bọ̀ ní sáà tuntun. Onílítà mẹ́wàá méjì ni kí ẹ rà, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, kí apá rọ̀ sísàlẹ̀. Ẹ máa gun àtẹ̀gùn sí i, a mọ̀. Ẹni tó bá sì rí wa níbi ẹ̀rọ omi, kó jọ̀ọ́, kó bá wa gbé e rù.